Páàdì ìta ṣì nípọn, ti inú ti kan irin: kí ló ń jẹ páàdì ọkọ̀ yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Corolla 2006 ni mò ń wà, ọlọ́tọmátíìkì, òun ni mo fi ń kérò nílùú Ìbàdàn. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, mo ti ra páàdì bíréèkì iwájú lẹ́ẹ̀mẹta. Bíi kìlómítà 120 ni mò ń rìn lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ayédèrú páàdì ni wọ́n ń tà fún mi. Nígbà tá a tú u kẹ́yìn, mo fi rúlà wọn ohun tó kù lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lápá ọ̀tún, ti inú ti kan irin, ti ìta ṣì ku mílímítà 8. Lápá òsì, inú ku 7, ìta ku 7. Rímù ọ̀tún sì máa ń gbóná ju ti òsì lọ. Ṣé kí n kúkú lọ ra páàdì olówó ńlá ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra páàdì kankan, olówó ńlá tàbí olówó pọ́ọ́kú. Rúlà tẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, ohun tó sì sọ kò bá ti mẹkáníìkì yín mu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kìlómítà 120 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, bíi 3,000 lóṣù nìyẹn, 27,000 lóṣù mẹ́sàn-án. Ẹ pín in sí mẹ́ta: bíi 9,000 ni sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lò. Tí páàdì iwájú irú ọkọ̀ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, ibi tó ń jẹ lára rẹ̀ máa ń nípọn tó bíi mílímítà 11, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ku 3 ló yẹ kéèyàn yọ ọ́, nítorí náà mílímítà 8 la ní láti ná. Páàdì ìta lápá ọ̀tún ná 3 péré nínú kìlómítà 9,000. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yóò tó 24,000 kó tó di ohun yíyọ. Ẹnìkejì rẹ̀ tó wà nínú, lórí dísìkì kan náà (irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, tí páàdì méjèèjì ń há sáàárín), ná gbogbo mọ́kànlá tán.

Inú páálí kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde. Ayédèrú páàdì kì í yan ẹyọ kan jẹ nínú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kò dáa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá jọ yára tán, tọ̀tún tòsì, tinú tìta. Èyí tó ń jẹ páàdì yín wà lára ọkọ̀, ó sì wà lápá ọ̀tún níwájú. Bẹ́ ẹ bá ra páàdì tó wọ́n jù lọ lágbàáyé síbẹ̀, yóò jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Kálípà ni irin tó gba páàdì méjèèjì mọ́ra, tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́ dísìkì. Ti Corolla yín, písítìn kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀gbẹ́ inú ló sì wà. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti písítìn, písítìn á ti páàdì inú mọ́ dísìkì. Páàdì ìta kò ní písítìn tirẹ̀. Kálípà fúnra rẹ̀ ló máa yọ́ lórí píìnì méjì, táá sún sẹ́yìn díẹ̀, tí apá rẹ̀ tó wà níta á sì fi fa páàdì ìta wá kan dísìkì. Píìnì méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Bí wọ́n bá gan, kálípà ò lè rìn mọ́. Páàdì inú nìkan ló kù tó ń dá dísìkì dúró, ọwọ́ kan ò sì gbẹ́rù dórí. Tẹ́ ẹ bá tún gbẹ́sẹ̀ kúrò, rọ́bà róbótó tó yí písítìn ká ló yẹ kó fa písítìn padà díẹ̀ báyìí, kò tó mílímítà kan, kí páàdì lè rí àyè mí. Àmọ́ kálípà tó há kò jẹ́ kí àyè yẹn yọ, páàdì inú á máa ha dísìkì láti Bódìjà títí dé Challenge, yálà ẹ tẹ bíréèkì tàbí ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni gbígbóná rímù ti wá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń tọ́ka sí píìnì, tí n kò sọ pé písítìn ló há tàbí họ́ọ̀sì, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá sí kálípà, ló dí. Mílímítà kan ló tú àṣírí. Bí písítìn ò bá padà, tàbí tí ọ́ìlì há mọ́ inú kálípà, ṣùgbọ́n tí píìnì ń yọ́ dáadáa, páàdì méjèèjì ni kálípà á máa fún pọ̀: wọn á jọ tán ni, ti inú kàn lè fi díẹ̀ ṣáájú. Tiyín, páàdì ìta ọ̀tún ku 8 nígbà tí ti òsì ku 7. Ìyẹn ni pé ti ìta ọ̀tún kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó ń fà á wá síbi iṣẹ́. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn tí píìnì bá gan.

Síbẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan tú ọkọ̀. Ìdánwò díẹ̀ wà tí kò ná yín ju wákàtí kan lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà tó já geere fún ìṣẹ́jú 15. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má bàa da ìwádìí náà rú. Ẹ má tẹ bíréèkì àyàfi tó bá pọn dandan. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ọkọ̀ ń fà sí: bó bá ń rọra fà sọ́tùn-ún nígbà tẹ́ ẹ ò tẹ bíréèkì, tó sì ń fẹ́ fà sósì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó bá ẹjọ́ píìnì mu, torí pé páàdì kan ń ha dísìkì ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bíréèkì táyà yẹn ò lágbára tó ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kí ọkọ̀ rọra rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ rímù méjèèjì. Ẹ má fọwọ́ kan dísìkì o, awọ á bó. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru oníná pupa, kó fi wọ̀n ọ́n: bí ọ̀tún bá fi ìwọ̀n 30 tàbí 40 Celsius ju òsì lọ, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ti Kòrónà tí wọ́n fi ń wo iwájú orí èèyàn kò wúlò fún èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè níbi tó tẹ́jú, ẹ dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ sì fi sítáàǹdì irin sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì kì í sì ṣe sítáàǹdì, ojijì ló máa ń fọ́. Jíà sí N. Ẹ tẹ bíréèkì dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí táyà méjèèjì. Kí páàdì dún ṣéṣé díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ.

Níbi tó wúwo yẹn, ẹ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ nípùlù tó wà lẹ́yìn kálípà (bóòtì kékeré oníhò tí ọ́ìlì ń gbà jáde), ẹ fi ẹnu kejì rẹ̀ sínú ìgò, kẹ́ ẹ tú nípùlù ní ìdajì yíyí. Bí ọ́ìlì bá tú jáde tipátipá, tí táyà sì yí fúyẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé ọ́ìlì ló há mọ́ inú kálípà. Ìyẹn ti kúrò ní ẹjọ́ píìnì nìkan. Ẹ dí nípùlù padà, ẹ tún tẹ bíréèkì, kẹ́ ẹ wá tú orí họ́ọ̀sì níbi tó ti pàdé páìpù irin. Tí táyà bá ṣì wúwo lẹ́yìn tẹ́ ẹ tú u, họ́ọ̀sì rọ́bà ló ti wú nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Agbára ẹsẹ̀ lè ti ọ́ìlì kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà kò lágbára tó láti fúnra rẹ̀ padà. Tí táyà bá sì fúyẹ́ nígbà tẹ́ ẹ tú u lókè, ẹ wo brake master, ìyẹn sílíńdà tó ń ti ọ́ìlì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, àmọ́ tìyẹn kì í sábà mú táyà kan ṣoṣo. Bí ohunkóhun ò bá yí padà nígbà tẹ́ ẹ tú nípùlù, tí táyà ṣì wúwo bíi tẹ́lẹ̀, ibi irin ni wàhálà wà: píìnì, písítìn, tàbí ìjókòó páàdì.

Ẹ dá orí páìpù padà kó le, ẹ wá yọ táyà. Ẹ di kálípà mú lọ́wọ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tì í lọ sínú, kẹ́ ẹ fà á bọ̀ síta. Ó yẹ kó mì. Mo rò pé tiyín ò ní mì.

Sípánà 14 ló ń tú bóòtì méjì tó di kálípà mọ́ píìnì, 17 ni ti bíráákẹ́ẹ̀tì tó gbé e. Ẹ fi wáyà so kálípà kọ́ sára sípíríǹgì, kó má fi họ́ọ̀sì rọ̀. Ẹ wá fa píìnì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó yọ bí ọ̀bẹ ṣe ń yọ nínú àkọ̀. Èyí tó ti gan, ẹ ó ní láti fi sípánà dì í mú kẹ́ ẹ máa yí i lọ́tùn-ún lósì kó tó dìde. Tó bá jáde, ẹ wò ó nínú oòrùn. Gíríìsì tó ti gbẹ dúdú bí ọ̀dà ló máa ń wà lára rẹ̀, tàbí ìpẹtà pupa níbi tí omi gbà wọlé. Lára Toyota, ọ̀kan nínú méjèèjì sábà máa ń ní rọ́bà kékeré ní ìdí. Ẹ fi ìka tẹ rọ́bà yẹn. Bó bá ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi, tó rọ̀ pẹ̀rọ̀, tó kún ihò débi pé afẹ́fẹ́ ò lè kọjá, ẹni tó jẹ páàdì yín nìyẹn.

Kí ló ń wú u? Gíríìsì yẹ́lò tí wọ́n fi ń kún bíárìn ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń fi í pa píìnì, torí òun ló wà nítòsí. Inú epo rọ̀bì ni gíríìsì yẹn ti wá, rọ́bà inú bíréèkì kò sì le fara da epo rọ̀bì: ó máa mu ún, ó máa wú. Bẹ́ńsíìnì tí wọ́n fi ń fọ kálípà náà ń ṣe irú ìyẹn gan-an. Ẹ lè fọ àwọn irin rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi kẹ́ ẹ nù wọ́n gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun tàbí ṣípíríìtì nu rọ́bà, kẹ́ ẹ wá fi gíríìsì sílíkóònù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa píìnì. Tínínrín ni. Bẹ́ ẹ bá kì í kún ihò, afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ á máa ti píìnì padà, ẹ tún ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀.

Ohun méjì tún wà nípa píìnì. Ẹ sàmì sí ihò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde, nítorí pé wọn kì í ṣe ìbejì. Èyí tó ní rọ́bà ní ihò tirẹ̀, tí wọ́n bá sì ṣi wọ́n gbé, kálípà á máa há láti ọjọ́ kìíní. Èkejì, rọ́bà ìbora tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ ní ọrùn wọn: bó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Omi òjò àti ekuru pupa ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Píìnì, rọ́bà àti ìbora wọn wà lọ́jà ní sẹ́ẹ̀tì, wọn kì í wọ́n tó páàdì tuntun kan. Èyí tí ìpẹtà ti gbẹ́ ihò sí lára, ẹ má fi bébà yanrìn yún un kẹ́ ẹ tún dá a padà. Pààrọ̀ ni tirẹ̀.

Ẹ tún wo ìjókòó páàdì lórí bíráákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ti gbé ìlú tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, irin abẹ́ wọn sì ti ń dípẹtà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìpẹtà máa ń hù lábẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń dán tí etí páàdì ń jókòó lé, á gbé wọn sókè, wọn á sì fún etí páàdì pọ̀. Ẹ yọ irin pẹlẹbẹ yẹn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha abẹ́ rẹ̀ títí irin funfun á fi hàn. Páàdì tuntun gbọ́dọ̀ wọlé lọ́wọ́ lásán. Ẹni tó bá ní láti fi òòlù gbá páàdì wọlé ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí ohun tí òòlù bá gbá wọlé, rọ́bà písítìn ò lè fà á padà. Bí àwọn irin pẹlẹbẹ náà ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ bi mẹkáníìkì yín ibi tó jù wọ́n sí.

Kálípà tó ti gbóná fún oṣù mẹ́sàn-án, ẹ má gbàgbé písítìn rẹ̀. Ooru máa ń sun rọ́bà ìbora písítìn, omi á wọlé, ìpẹtà á tẹ̀lé e. Ẹ gbé páàdì inú tó ti jẹ tán yẹn lé ojú písítìn, ẹ fi kílááǹpù onílẹ́tà G tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí nípùlù ṣí, kí ọ́ìlì ìdọ̀tí lè gba inú rọ́bà jáde sínú ìgò dípò kó padà sókè. Ó yẹ kó wọlé láìsí gbùrù. Bó bá wọlé, tó dúró, tó tún fò, písítìn ti ní ìpẹtà lára. Tí ìpẹtà bá wà níbi tí rọ́bà róbótó ti ń fọwọ́ kàn án, rọ́bà tuntun nìkan kò ní ṣe é. Ẹ ra písítìn pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, tàbí kálípà lódidi. Tó bá jẹ́ Belgium, ìyẹn àlòkù, lẹ fẹ́ rà ní Gate tàbí Ládípọ̀, ẹ má kúrò níwájú ìsọ̀ ẹni náà láìfa píìnì méjèèjì kẹ́ ẹ sì tẹ písítìn wọlé níbẹ̀. Kálípà ọ̀tún àti tòsì kì í ṣe ọ̀kan náà. Nípùlù gbọ́dọ̀ wà lókè lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dì í tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ ò ní jáde láéláé.

Ẹ ò sọ pé ẹ gbọ́ igbe. Páàdì Toyota sábà máa ń ní ahọ́n irin kékeré tó máa ń ké nígbà tí páàdì bá fẹ́ tán, ara páàdì inú ló sì yẹ kó wà, torí òun ló sábà máa ń ṣáájú tán. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ní ahọ́n síta, ti inú á tán láìfọhùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó.

Ó wá ku òsì. Páàdì òsì ná mílímítà 4 nínú kìlómítà 9,000, yóò lo bíi 18,000 kó tó di yíyọ. Fún ọkọ̀ tó ń kérò nílùú olókè bíi Ìbàdàn, kò burú jáì, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá dé 25,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo lè gbà. Ara ohun tó fà á ni pé òsì ti ń bá ọ̀tún ṣe lára iṣẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo tún fura sí bíréèkì ẹ̀yìn.

Iwájú ló máa ń ṣe bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ bíréèkì, ẹ̀yìn á gbé ìyókù. Bí ẹ̀yìn ò bá gbé tirẹ̀, iwájú ló ń san gbèsè. Ẹ̀yìn Corolla irú èyí sábà máa ń jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tí láínìnì ń tẹ̀ mọ́ láti inú, ó sì rọrùn láti gbàgbé wọn fún ọdún mẹ́ta torí wọn kì í pariwo. Ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, kẹ́nì kan rọra tẹ bíréèkì kẹ́ ẹlòmíràn máa yí táyà. Táyà tó bá ṣì ń yí kò bá wọn ṣiṣẹ́. Ohun mìíràn tó máa sọ fún yín ni bíréèkì ọwọ́ tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lọ tó 10 kó tó di ọkọ̀ mú. Ẹ yọ dúrọ́ọ̀mù; bó bá lẹ̀, ihò méjì wà lójú rẹ̀ fún bóòtì 8 tí wọ́n fi ń tì í jáde. Nínú, ẹ wá ọ́ìlì tó ń jò lára sílíńdà, láínìnì tó ti dán bíi gíláàsì, àti kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tí wọ́n fi ń sún láínìnì jáde: ó máa ń gan, láínìnì á sì jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yí i títí dúrọ́ọ̀mù á fi wọlé pẹ̀lú híha fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún tẹ̀ lé páìpù irin pẹ̀lú ojú. Àwọn kan wà tí sílíńdà ẹ̀yìn wọn jò nígbà kan, tí ẹni tó tún un ṣe kàn fi nǹkan dí páìpù ibẹ̀ pa, tó gbowó, tó sì lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kò yẹ kó kó èrò.

Ẹ ṣí ìdérí agolo ọ́ìlì bíréèkì nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Bí rọ́bà inú ìdérí bá ti wú, tó fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ, tí kò ṣeé dá padà mọ́, ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti páwà síbẹ̀ rí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kálípà kan mọ́, gbogbo rọ́bà láti brake master dé sílíńdà ẹ̀yìn ni yóò lọ. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3 ni Corolla ń lò. DOT 4 lè wọ ibẹ̀, DOT 5 kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ torí sílíkóònù ni. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 tuntun kì í hó kó tó dé ìwọ̀n Celsius 205, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ̀ ọ́ tán, ó lè hó ní 140, kálípà tó ń há sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Irin ti jẹ dísìkì ọ̀tún yín. Bí irin páàdì ti ha á, ojú rẹ̀ á ti di poro bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Tẹ́ ẹ bá gbé páàdì tuntun lé e, orí ebè nìkan ni páàdì á máa kàn, yóò sì yára jẹ. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n sára dísìkì fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ MIN TH: kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju iye yẹn lọ. Bó bá ṣì nípọn, kí wọ́n gbé tọ̀tún tòsì lọ fún lílọ̀. Bí kò bá nípọn tó, méjèèjì ni kẹ́ ẹ rà. Kí wọ́n fọ ojú họ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbé dísìkì lé e. Ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ á jẹ́ kí dísìkì máa jó, á sì máa gbá páàdì ní gbogbo yíyí.

Nípa bẹ́ ẹ ṣe ń wakọ̀: ẹsẹ̀ méjì lórí ọlọ́tọmátíìkì ló ń pa páàdì jù, òsì lórí bíréèkì, ọ̀tún lórí tọ́tù. Ẹsẹ̀ òsì á gbé ara lé e láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe méjèèjì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá tàbí láti Òkè Àrẹ, ẹ gbé jíà sí 2 kí ẹ́ńjìnnì bá yín dì í mú. Ẹ má sì fojú kéré eré: ọkọ̀ tó ń sá 100, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe láti dá a dúró jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó ń sá 50, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Àmọ́ ìwakọ̀ kì í mú páàdì kan ṣoṣo, nítorí náà n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dá yín lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tún.

Ẹ lè wá ra páàdì báyìí. Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Ẹ wo etí rẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà méjì bíi FF tàbí GE. Wọ́n ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tútù àti nígbà gbígbóná, wọn ò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ìyẹn tàn yín. Èyí tí etí rẹ̀ ń rún lọ́wọ́ bí àkàrà ọjọ́ kẹta, tàbí tí àyè wà láàárín òun àti irin ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dá a padà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá dì í tán, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde ní kálípà tẹ́ ẹ tú, ẹ tẹ bíréèkì lọ́pọ̀ ìgbà kí ọkọ̀ tó sún, torí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń rì títí dé ilẹ̀. Agbára tí wọ́n fi ń di nọ́ọ̀tì táyà jẹ́ 103 N·m. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sójú ọ̀nà tó ṣófo: ẹ sá 50, ẹ rọra tẹ bíréèkì dé 15, ẹ má dúró pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìdajì ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tún ṣe é, nígbà mẹ́wàá.

Tẹ́ ẹ bá ti rin kìlómítà 1,000, ẹ yọ táyà iwájú méjèèjì, ẹ fi rúlà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye tó wà lójú mítà. Bí tinú tìta lápá ọ̀tún bá jọ dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ti inú bá ti fi mílímítà kan kéré sí ti ìta, píìnì ṣì ń há, tàbí ìjókòó páàdì ni. Bí méjèèjì bá jọ kéré sí ti òsì, ẹ padà sídìí písítìn àti họ́ọ̀sì.